Ìkòyí Wo?

Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń bọ ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù lọ́wọ́. Láràárọ̀, kí àwọn tí a jọ ń gbé yàrá tó jí, n ó dúró ṣánṣán níwájú rẹ̀, n ó na ọwọ́ ọ̀tún, n ó di irin tí wọ́n fi ń ṣí i mú ṣinṣin, n ó tẹjú mọ́ ara mi nínú dígí tó wà lára rẹ̀, n ó sì sọ fún un lédè Gẹ̀ẹ́sì pé inú mi dùn láti bá a pàdé. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, irin náà já sí mi lọ́wọ́. Mo ní ó dára, ọwọ́ mi ti tó ọwọ́ ọ̀gá nìyẹn.

Ẹ má rò pé orí mi ló dàrú. Ilé ẹ̀kọ́ ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ọdún 2016 ni, mo ń kọ́ nípa ìmọ̀ oúnjẹ ní yunifásítì, a sì ń múra àtilọ IT, oṣù mẹ́fà tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lò lẹ́nu iṣẹ́ kó tó padà wá parí ìwé. Wọ́n kó wa jọ sínú gbọ̀ngàn kan tí fáànù rẹ̀ kò yí, kí wọ́n lè kọ́ wa bí èèyàn ṣe ń hùwà níbi iṣẹ́. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ pìtàn. Ó ní ọdún 1971 ni ìjọba àpapọ̀ dá Industrial Training Fund sílẹ̀, ìyẹn ITF, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Jọ́ọ̀sì. Ó ní ọdún 1973 ni ITF bẹ̀rẹ̀ ètò SIWES, ìyẹn IT tí à ń lọ yìí, nítorí àwọn tó ń gbani síṣẹ́ ń ráhùn pé àwọn tó ń jáde nílé ìwé mọ̀wé, wọn ò mọṣẹ́. Ibẹ̀ ni oorun gbé mi lọ.

Ẹnìkejì ló jí mi. Ọkùnrin kan ni, ó wọ súùtù, bàtà rẹ̀ ń dán débi pé fáànù tí kò yí hàn nínú rẹ̀. Ó ní níbi iṣẹ́, kò sí bọ̀ọ̀dá, kò sí àǹtí, kò sí màmá: orúkọ ni kí a máa fi pe èèyàn. Ó ní kí a máa wo ọ̀gá lójú kòrókòró, ẹni tó bá ń wolẹ̀, irọ́ ló ń pa. Ó ní kí a bọwọ́ dáadáa, torí ọwọ́ tó bá rọ̀ jọ ẹja tó ti kúrò nínú yìnyín. Ó ní nǹkan ilé iṣẹ́ kì í ṣe nǹkan baba ẹnikẹ́ni, a ò gbọdọ̀ fi ta ènìyàn lọ́rẹ. Ó ní ọkùnrin tí kò wọ táì, ìhòhò ló wà. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo sì fa ìlà sí i nídìí.

Ẹni tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn jẹ́ obìnrin kan láti ọ́fíìsì tó ń bójú tó IT. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kí a kọ àdírẹ́sì ibi tí a ń lọ sínú fọ́ọ̀mù ní kíkún. Èmi ò kọ ìyẹn sílẹ̀. Ta ni kò mọ àdírẹ́sì kọ?

Ibi tí n ó ti ṣiṣẹ́ gan-an ni kò sí. Lẹ́tà mọ́kànlá ni mo pín káàkiri Ìbàdàn. Ilé iṣẹ́ kan ní àwọn ti gba èèyàn tán. Òmíràn ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé, ó sì jọ pé ọjọ́ Ajé náà kò tíì dé títí di òní. Ìgbà tó kù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a lọ ni àbúrò bàbá mi pè mí lórí fóònù: “Mo ti bá ọ rí àyè. Ilé iṣẹ́ oúnjẹ ni. Ìkòyí ló wà.”

N ò gbọ́ ohun tó kù. Igbe ni mo fi ta. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì ti gbọ́ pé èmi ọmọ tálákà ń lọ ṣiṣẹ́ ní Ìkòyí, lọ́dọ̀ àwọn olówó Èkó, níbi tí wọ́n ti ṣí afárá aláràbarà tó kọjá sí Lẹ́kì ní 2013. Ọ̀rẹ́ mi kan yá mi ní táì pupa tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ṣe ìgbéyàwó. Ẹlòmíràn yá mi ní bàtà dúdú tó fi díẹ̀ kéré sí ẹsẹ̀ mi. Wọ́n ní kí n má gbàgbé wọn tí mo bá dé ọ̀hún. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, èmi kọ́.

Ní ọjọ́ kejì, àbúrò bàbá mi tún pè. “Tí o bá ti sọ̀ ní Ìkirè,” wọ́n wí, “wọ ọkọ̀ Apòmù.”

Mo ní, “Ìkirè kẹ̀? Ṣé Ìkirè wà lọ́nà Èkó ni?”

Wọ́n ní, “Ta ló ń lọ Èkó?”

Ìkòyí pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ló fẹ́ pa mí. Ìkòyí-Ilé wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríire ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Orúkọ yẹn ni gbogbo ọmọ Ẹ̀ṣọ́ fi ń yangàn, ìran Oníkòyí, àwọn jagunjagun tí kì í fẹ̀yìn hàn lójú ogun. Ìkòyí Èkó wà, òun ni gbogbo ayé mọ̀. Ìkòyí tèmi sì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìsọ̀kan, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ìtòsí Apòmù tó jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà. Ìlú gidi ni, ìlú àgbẹ̀. Kò sí ohun tó yẹ kí ó tì mí lójú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti jẹ ìrẹsì ẹlẹ́ran tí àwọn ará họ́sítẹ́ẹ̀lì fi bá mi yọ̀. Ọmọ Ẹ̀ṣọ́ kì í fẹ̀yìn hàn. Èmi fẹ̀yìn hàn, mo pa ẹnu mọ́. Nígbà tí mo dé ibi àdírẹ́sì nínú fọ́ọ̀mù, ọ̀rẹ́ mi tó ni táì ń yọjú wò ó láti èjìká mi. Mo kọ “Ìkòyí”. Mo fi àmì ìdánudúró sí i.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo lọ, mo wọ súùtù láti ilé, mo wọkọ̀ ní Ìwó Róòdù. A kọjá odò Aséjìrè, a dé Ìkirè. Ẹni tó bá kọjá ní Ìkirè tí kò ra dòdò, àìsàn ló ń ṣe é. Dòdò Ìkirè kì í ṣe dòdò tí ẹ ń gé pẹlẹbẹ sínú epo nílé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá àlà ni, tí èèpo rẹ̀ ti dúdú, tí àwọn ẹlòmíràn ì bá ti dà nù. Wọ́n á gún un mọ́ ata àti iyọ̀, wọ́n á fi epo pupa dín in títí yóò fi dúdú bí èédú, wọ́n á wá fi ewé dì í. Ó dùn, ó ta, epo rẹ̀ kò sì mọ ibi tó yẹ kó dúró. Mo ra ewé mẹ́ta, méjì fún ọ̀gá mi tuntun, ọ̀kan fún ara mi. Mo gbé e lé orí fáìlì tí lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀, mo gbé gbogbo rẹ̀ lé itan. Nígbà tí mo fi sọ̀ kalẹ̀, èèyàn lè ka lẹ́tà náà láti ẹ̀yìn.

“Ilé iṣẹ́ oúnjẹ” tí wọ́n wí jẹ́ páànù lórí òpó, kò ní ògiri. Ẹbu gàrí ni. Ẹ̀rọ kan ń lọ ẹ̀gẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ ń gbọ̀n. Àwọn obìnrin bíi mẹ́jọ jókòó yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká, wọ́n ń bó o, èèpo ń fò. Lápá kan, àpò tí jáàkì ń tẹ̀ ń sun omi funfun. Lápá kejì, èéfín ń rú lábẹ́ agbada mẹ́ta. Èmi nìkan ni mo wọ súùtù. Bàtà ti ń bá ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi jà.

Mo bi ọmọkùnrin tó ń da ẹ̀gẹ́ sẹ́nu ẹ̀rọ pé ọ̀gá dà. Ó fi ẹnu júwe obìnrin àgbà kan tí gèlè rẹ̀ ti funfun fún ìyẹ̀fun, tó jókòó tó ń fi asẹ́ sẹ́ ẹ̀gẹ́. Àbúrò bàbá mi ti fún mi lórúkọ wọn, ti ara wọn àti ti ọkọ wọn. Mo rìn lọ, mo dúró ṣánṣán, mo na ọwọ́ ọ̀tún, mo wò wọ́n lójú kòrókòró, mo sì pe orúkọ àbísọ wọn ketekete. N kò ní kọ orúkọ náà síbí. Mo ti kọ́gbọ́n.

Ọ̀bẹ dúró. Àwọn tó ń yan gàrí dúró. Ẹ̀rọ pàápàá dákẹ́. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé dísẹ̀lì ló tán, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo mọ̀. Ìyá náà wo ọwọ́ mi. Wọ́n wo ojú mi. Èmi ò ṣẹ́jú, torí wọ́n ní ẹni tó bá ń wolẹ̀ ń purọ́ ni, omi sì ti ń bọ́ lójú mi nítorí èéfín. Wọ́n fara balẹ̀ nu ọwọ́ tiwọn mọ́ ìró, wọ́n ṣa èèpo ẹ̀gẹ́ kan nílẹ̀, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́.

“Bá mi sọ ìyẹn nù,” ni wọ́n wí. “Tí o bá ń bọ̀, kí o wá kí mi.”

Mo lọ sọ èèpo nù. Mo padà wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú omi ẹ̀gẹ́, òórùn rẹ̀ kò sì kúrò lára súùtù yẹn títí IT fi parí. Mo gbé dòdò sílẹ̀. Wọ́n pín in fún gbogbo àwọn obìnrin náà, wọ́n tọ́ díẹ̀ wò, wọ́n ní dòdò mi dára ju ìkíni mi lọ.

Màmá Tíṣà ni gbogbo ìlú ń pè wọ́n. Ó yẹ kí orúkọ yẹn ti kìlọ̀ fún mi, àmọ́ mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tó ti wá.

Ọ̀rọ̀ táì kò ju ọjọ́ kan lọ. Màmá Tíṣà nawọ́ sí bẹ́líìtì ẹ̀rọ tó ń sáré yí, wọ́n nawọ́ sí ọrùn mi, wọ́n ní àwọn méjèèjì kò lè jọ gbé. Mo bọ́ ọ, mo fi kọ́ ìṣó lára òpó. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ mo wá a tì. Ọmọ ẹlẹ́rọ ti fi di ẹnu àpò gàrí. “Okùn tó wà níbẹ̀ ni mo mú,” ló wí. Àpò náà sì ti wà nínú ọkọ̀ tó ń gbé gàrí lọ Ìbàdàn. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọ̀rẹ́ mi fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: báwo ni Ìkòyí, ṣé táì òun bá àwọn ènìyàn ibẹ̀ mu? Mo dá a lóhùn pé táì ti wọṣẹ́ pẹrẹwu.

Mo wá pinnu pé ìmọ̀ ni n ó fi gba iyì mi padà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà tí àwọn ìyá náà jókòó ti òkìtì ẹ̀gẹ́, mo dìde dúró láàárín wọn. Mo fi ohùn tí wọ́n fi ń bá ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi sọ̀rọ̀ sọ fún wọn pé Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lọ lágbàáyé. Ìyá kan ní òun mọ̀, ẹ̀yìn òun ló ń dun òun. Mo tẹ̀ síwájú. Mo ní, “Ẹ̀yin ìyá mi, májèlé wà nínú ẹ̀gẹ́ yìí o. Sáyánáìdì ni wọ́n ń pè é.”

Màmá Tíṣà kò gbójú sókè. Wọ́n ń fa asẹ́. Wọ́n ní, “Kí ló dé tí a fi ń lọ̀ ọ́ kí a tó fún un?”

Mo ní kí ó lè kúnná ni, màmá.

Ẹ̀rín tó sọ níbẹ̀, n ò ní gbàgbé láéláé. Màmá Tíṣà wá sọ ọ́ fún mi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń ka á láti inú ìwé. Wọ́n ní linamarin ló wà nínú ẹ̀gẹ́, kì í ṣe sáyánáìdì. Wọ́n ní èròjà mìíràn wà nínú ẹ̀gẹ́ kan náà tó lè tú linamarin ká, ṣùgbọ́n yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì ń gbé. Ẹnu ẹ̀rọ ló ń fọ́ ògiri àárín wọn. Ìgbà tí wọ́n bá pàdé ni sáyánáìdì tó jáde. Apá kan á bá omi lọ nígbà tí jáàkì bá ń fún un, iná agbada á lé ìyókù bí atẹ́gùn. “Ẹni tí kò bá lọ̀ ọ́ kúnná,” wọ́n wí, “tó sì ń kánjú yan án, ó ti májèlé mọ́lé ni.” Wọ́n mú ẹ̀gẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi, wọ́n yí i po. “Èyí, 30572 ni. Ọ̀dọ̀ àwọn IITA ló ti jáde. Ṣé wọn ò kọ́ yín ní ìyẹn?”

Ìgbà yẹn ni mo tó béèrè. Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Màmá Tíṣà jẹ́ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, sáyẹ́ǹsì ni wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ. Wọ́n ti lọ gba ẹ̀kọ́ nípa gàrí ní IITA Ìbàdàn, ibùdó ìwádìí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, kí wọ́n tó bí mi.

Ọjọ́ tí wọ́n mọ̀ pé mo ní logbook, ọ̀ràn dé. Akẹ́kọ̀ọ́ IT gbọ́dọ̀ kọ ohun tó ṣe lójoojúmọ́ sínú rẹ̀, ọ̀gá ibi iṣẹ́ á sì máa buwọ́ lù ú lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó lọ sí ilé iṣẹ́ ńlá sọ fún mi pé ọ̀gá àwọn máa ń buwọ́ lu gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láì kà á. Màmá Tíṣà kà á. Wọ́n wọ awò ojú, wọ́n yọ bírò pupa. Mo ti kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé mo “kópa nínú ìmójútó ètò ìgbóná àwọn èròjà”. Wọ́n fa ìlà sí i, wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì kan náà, ní lẹ́tà tó lẹ́wà ju tèmi lọ: “O koná mọ́ agbada. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.” Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo gba mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Kò sí ibi tí ITF ti ní kí wọ́n fún mi ní máàkì.

Yíyan gàrí, ẹ jẹ́ ká fò ó. Mo jó agbada kan, mo jó ìka méjì.

Ti kóńgò ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò nílùú. Ọjọ́ kan ni Màmá Tíṣà lọ síbi ìsọmọlórúkọ, wọ́n ní kí n bá wọn ta gàrí fún àwọn oníbàárà tó ń wá láti Apòmù. Inú mi dùn. Mo ní ọjọ́ yìí ni wọn yóò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀mọ̀wé àti ọmọ ẹlẹ́rọ. Ẹni tó bá mọ gàrí mọ̀ pé kóńgò kì í parí sí etí. Wọ́n á máa rọ gàrí lé e ni, á ṣu bí òkè, á máa ya lulẹ̀ yí ká. Òkè yẹn ni oníbàárà ń wò, kì í wo inú. Èmi wò ó, mo ní èyí kò bá òṣùwọ̀n mu. Kóńgò kọ̀ọ̀kan ní òkè tirẹ̀! Mo ṣí báàgì, mo yọ rúlà, mo sì gé òkè náà lulẹ̀ pẹrẹsẹ.

Ìyá tó kọ́kọ́ dé rò pé eré ni. Ó rẹ́rìn-ín títí mo fi gé èkejì.

Ìyá kejì jẹ́ kí n wọ̀n ọ́n tán, ó wá na abọ́ rẹ̀. “Ó yá, fi èènì sí i.”

Mo rántí ọkùnrin onísúùtù. Mo ní, “Ẹ má bínú mà, nǹkan ilé iṣẹ́ ni, n kò láṣẹ láti fi ta yín lọ́rẹ.”

“Lọ́rẹ?” ló wí. “Ta ló tọrọ lọ́wọ́ rẹ? Èènì mi ni mo ní kí o fún mi!”

Ó da gbogbo gàrí náà padà sínú ọpọ́n. Kí oòrùn tó kan àtàrí, n kò tíì ta kóńgò mẹ́ta, ṣùgbọ́n èrò tó ń wòran ti tó ogún. Ìyá arúgbó kan gba rúlà lọ́wọ́ mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò lápá ọ̀tún, ó yẹ̀ ẹ́ wò lápá òsì, ó bèèrè bóyá ó gùn tó láti wọn agọ̀ mi.

Màmá Tíṣà kò pariwo nígbà tí wọ́n dé. Wọ́n jókòó, wọ́n tú gèlè, wọ́n ní kí n jókòó. “Ṣé o mọ ohun tó dá ogun Òwu sílẹ̀?”

Mo ní ọ̀rọ̀ oyè ni, àbí ọ̀rọ̀ ilẹ̀.

“Atare ni. Ní ọjà Apòmù yìí.” Wọ́n nawọ́ sí ìta bí ẹni pé ẹni tó ta á ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ. Wọ́n ní kí n lọ ka ìwé ìtàn Sámúẹ́lì Johnson, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Ọjà ńlá ni Apòmù nígbà yẹn, Ifẹ̀ ń ná an, Ìjẹ̀bú ń ná an, Òwu ń ná an, Ọ̀yọ́ ń ná an. Inú ti ń bí wọn sí ara wọn tẹ́lẹ̀ lóòótọ́, nítorí àwọn tí wọ́n ń jí gbé tà ní ọjà náà. Ṣùgbọ́n nǹkan tó ṣáná sí i ni ẹni tó ra atare tó ní kò pé, tí ẹni tó tà á ní ó pé. Wọ́n kà á, wọ́n tún un kà, ọ̀rọ̀ di ìjà, ìjà di ogun, Òwu sì dahoro.

“Nítorí iye hóró atare,” Màmá Tíṣà wí. “Ogun mọ ọ̀nà ọjà yìí dáadáa. Ìwọ wá gbé rúlà jáde.”

Ní ọjọ́ kejì mo ru gàrí lọ sí Apòmù, mo ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Kóńgò olókè fún ẹni kọ̀ọ̀kan, èènì lórí rẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀ lórí èènì. Ìyá arúgbó yẹn kò dá rúlà padà.

Oṣù kẹta ni fóònù dún. Ohùn ọkùnrin kan ni, ohùn ẹni tí oòrùn ti pa. Ó ní òun ni olùkọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ rán láti wá wo bí mo ṣe ń ṣe sí, òun sì ti dé Ìkòyí.

Ayọ̀ kún inú mi. Mo ní, “Ẹ káàbọ̀ sà. Ibo lẹ dúró sí?”

“Mo wà ní Awólọ́wọ̀ Róòdù.”

Mo rò ó wò. Ìlú wo nílẹ̀ Yorùbá ni kò ní títì tó ń jẹ́ Awólọ́wọ̀? Mo ní, “Ẹ máa bọ̀ níwájú sà. Ẹ ó rí ibi tí wọ́n sá láfún sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.”

Ó dákẹ́ díẹ̀. “Láfún?”

“Bẹ́ẹ̀ ni sà. Tí ẹ bá rí àwọn ewúrẹ́ níbẹ̀, ẹ yà sọ́wọ́ òsì.”

“Báǹkì ni mo ń rí.”

“Ẹ ti kọjá wa nìyẹn sà. Ẹ padà sọ́nà Apòmù.”

“Ta ní ń jẹ́ Apòmù?”

Mo gbọ́ tó ń bi mẹ́gáàdì kan pé níbo ni wọ́n ti ń yan gàrí ládùúgbò yìí. N kò gbọ́ èsì mẹ́gáàdì, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó tán. Olùkọ́ náà padà sórí fóònù. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an.

“Ọmọkùnrin yìí,” ó wí, “Ìkòyí wo lo wà?”

Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń sá fún ìbéèrè yẹn. Mo dáhùn rẹ̀. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ, mo fi ìjọba ìbílẹ̀ kún un, mo fi ìpínlẹ̀ kún un. Ìdájí ló ti kúrò ní Ìbàdàn, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ sì ti mú un lójú ọ̀nà Èkó fún wákàtí mẹ́rin, nítorí àmì ìdánudúró kan tí mo fi sẹ́yìn ọ̀rọ̀ kan.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ló tó rí àyè wá. Mo ti múra sílẹ̀ dè é. Bí ó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ ni mo na gbalaja sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ojú mi ń wolẹ̀ bí ojú ọmọ rere. Ṣé ẹ mọ ohun tí òun ṣe? Ó na ọwọ́ pé kí n bọ òun lọ́wọ́! Ilẹ̀ tí mo wà ni mo ti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀gẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Màmá Tíṣà bu omi fún un kó fọwọ́, wọ́n gbé logbook sílẹ̀ fún un. Ó ka bírò pupa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń rẹ́rìn-ín sínú. Nígbà tó ń lọ, ó ra kóńgò márùn-ún. Mo rọ òkè lé ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo fi èènì sí i, n kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ó gé máàkì mi nítorí ìrìn Èkó, mi ò sì jà. Ilé ẹ̀kọ́ lẹ orúkọ wa mọ́ pátákó pẹ̀lú àtúnṣe, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síwájú tèmi: “Ìkòyí, Ọ̀ṣun.” Gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì kà á kí n tó dé. Nínú Form 8, fọ́ọ̀mù ITF tí ọ̀gá ibi iṣẹ́ máa ń kọ ọ̀rọ̀ nípa akẹ́kọ̀ọ́ sí nígbà tí IT bá parí, Màmá Tíṣà kọ ọ́ pé mo máa ń tètè dé, mo lágbára, mo sì ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ IT lọ́dún yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù yín. Bí ẹ bá sì rí táì pupa kan lẹ́nu àpò gàrí lọ́jà Bódìjà, ẹ bá mi tú u. Ẹni tó ni ín ṣì ń béèrè rẹ̀.